Ẹ́ńjìnnì 40 Tó Kọ̀ Tí Kò Kọjá 3,900: Ẹ Má Tíì Ra Kabúrétọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, mo ń sin ẹja nínú àgò lórí dáàmù kan tí kò jìnnà sí wa. Lọ́dún tó kọjá ni mo lọ ra ọkọ̀ ojú omi oní-fíbà kan ní Ẹ̀pẹ́, ẹsẹ̀ bàtà 19, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 oní-sìlíńdà méjì, irú èyí tí a máa ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Nígbà tí ẹni tó tà á fún mi gbé mi yí omi ká ní Ẹ̀pẹ́, àwa méjì péré la wà nínú rẹ̀, mítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì, tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, sì dé 5,200. A tú ẹ́ńjìnnì kúrò kí a tó gbé ọkọ̀ wálé, ó wà ní àgbàlá mi títí òjò fi rọ̀ tán, mẹkáníìkì ibí ló de é padà. Pùròpẹ́là tó bá a wá, ìyẹn abẹ̀bẹ̀ irin tó ń ti ọkọ̀ nínú omi, 11 5/8 x 11 ni wọ́n kọ sí i lára, ti kán díẹ̀ létí. Wọ́n bá mi ra tuntun, 11 1/4 x 14, wọ́n ní èyí á tún yára jù ú lọ. Ní báyìí tí èmi àti òṣìṣẹ́ mẹ́ta bá kó ogún àpò oúnjẹ ẹja oníkìlò 15 sínú rẹ̀, bó ti wù kí n ti lẹ́fà (irin tí a fi ń fi kún eré) tó, kò kọjá 3,900, fóònù mi sì ń sọ pé kìlómítà 24 là ń sá ní wákàtí kan. Mẹkáníìkì ní kabúrétọ̀ ti kú, kí n ra tuntun. Ẹlòmíràn ní kí n tà á, kí n lọ ra 60. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú làálàá, arákùnrin. Mo dúpẹ́ pé ẹ fi nọ́ńbà sínú ìbéèrè yín. Iléṣà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé ẹ́ńjìnnì wá bá mi níbẹ̀, "kò sáré mọ́" nìkan ni wọ́n máa ń rí sọ. Ẹ̀yin sọ iye tó ń yí tẹ́lẹ̀, iye tó ń yí báyìí, ohun tó rù, àti ohun tí wọ́n kọ sára pùròpẹ́là méjèèjì. Ohun tó ń ṣe Àbóyadé sì rèé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dáhùn, kí àwọn mìíràn tó ní ọkọ̀ lórí omi lè rí tiwọn mú nínú rẹ̀.

Ẹ má ra kabúrétọ̀. Ẹ má sì ta ẹ́ńjìnnì. Nínú ohun tí ẹ kọ, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ara ẹ́ńjìnnì yẹn le koko, kó jẹ́ pé iṣẹ́ tí ẹ gbé lé e lórí ló pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. N ó fi ìṣirò hàn yín. Lẹ́yìn ìṣirò, ẹ óò lọ dán an wò lórí omi, nítorí omi nìkan ló lè dá wa lóhùn.

Ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 oní-sìlíńdà méjì yẹn, 703 cc, ibi tí àwọn tó ṣe é fẹ́ kó dé nígbà tí tọ́rọ́tù (ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ inú kabúrétọ̀ tí lẹ́fà ń ṣí) bá ṣí tán ni àárín 4,500 sí 5,500 RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. 5,200 tí ẹ rí ní Ẹ̀pẹ́ dára gan-an. 3,900 kò dára rárá, kì í sì í ṣe torí pé ẹ pẹ́ kí ẹ tó dé ìdí àgò. Ẹ́ńjìnnì tí tọ́rọ́tù rẹ̀ ṣí tán tí kò sì lè yí dé ibi tó yẹ kó dé, ooru ń kó jọ sórí písítìn rẹ̀, iná sì lè máa gbá nínú sìlíńdà kí àkókò rẹ̀ tó tó. Bó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, orí písítìn a máa jẹ, ọjọ́ tó bá lu ni owó ńlá dé. Nítorí náà, kí àyẹ̀wò tó parí, ẹ kó ìdajì ẹrù, kí ẹ má sì gbé lẹ́fà sí òpin kí ẹ wá fi í síbẹ̀ títí ẹ ó fi dé. Tí ẹ bá rí i pé ẹ tún ti lẹ́fà sí i tí RPM kò sì lọ sókè mọ́, ẹ dá a padà díẹ̀ sẹ́yìn. Eré tí ẹ óò pàdánù kò tó nǹkan.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tó yí padà láàárín Ẹ̀pẹ́ sí Ifẹ̀. Pùròpẹ́là yí padà. Ẹrù yí padà. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n tún un dè. Òjò rọ̀ sí ọkọ̀ nínú àgbàlá. Ìlú wa sì ga ju Ẹ̀pẹ́ lọ. Ọ̀nà tí mo máa ń gbà wá àìsàn ẹ́ńjìnnì nìyẹn: ohun tó ń ṣe dáadáa lánàá, tí kò ṣe dáadáa lónìí, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tí ọwọ́ èèyàn kàn láàárín méjèèjì. Kabúrétọ̀ ṣì lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀, torí epo tó sùn sínú rẹ̀ fún oṣù púpọ̀ máa ń dì, a ó débẹ̀. Àmọ́ òun kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tí a ó mú.

Pùròpẹ́là ni ojú mi kọ́kọ́ bà lé. Nọ́ńbà méjì ló wà lára rẹ̀. Èkíní ni bó ṣe fẹ̀ tó ní ínṣì láti etí dé etí. Èkejì ni wọ́n ń pè ní pitch, ìyẹn iye ínṣì tí ì bá fi rìn síwájú nígbà tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, ká ní omi kì í yẹ̀ fún un. Ti àtijọ́ jẹ́ 11, tuntun jẹ́ 14. Ẹni tó ní 14 máa yára ju 11 lọ kò parọ́ tán, torí bí méjèèjì bá yí iye kan náà, 14 ló máa jìnnà jù. Ohun tí kò sọ fún yín ni pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ní agbára tó máa yí i. Ọkọ̀ ojú omi kò ní jíà kìíní, ìkejì, ìkẹta. Pùròpẹ́là ni jíà rẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo sì ni. Ẹni tó gbé 14 sí ìdí ọkọ̀ tó kún fún ẹrù ti ṣe bí ọlọ́kadà tó kó èrò méjì sẹ́yìn tó wá fi jíà kẹrin gun òkè ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà: ẹ́ńjìnnì á máa kùn ṣáá ni, kò ní rí eré sá.

Òṣùwọ̀n tí àwa oníṣẹ́ ń lò ni pé ínṣì kan pitch ń mú 150 sí 200 RPM lọ tàbí bọ̀. Ínṣì mẹ́ta ló wà láàárín 11 àti 14, ìyẹn 450 sí 600. Pùròpẹ́là tuntun kò fẹ̀ tó ti àtijọ́, èyí á dá díẹ̀ padà fún wa, ẹ jẹ́ ká ní 450 ló kù. Kí ẹ tó gbé àpò kan ṣoṣo sínú ọkọ̀, 5,200 ti di 4,750.

Gíga ìlú wa ńkọ́? Ẹ̀pẹ́ wà létí ọ̀sà, kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ. Ilé-Ifẹ̀ fi ohun tó lé ní 200 mítà ga ju òkun, Iléṣà fi ohun tó lé ní 300. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń ga ni afẹ́fẹ́ ń fẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnnì a sì máa pàdánù nǹkan bí ìdá 3 nínú 100 agbára rẹ̀ lórí 300 mítà kọ̀ọ̀kan. Mo mú un wá torí pé àwọn kan máa ń di gbogbo ẹ̀bi rù ú. Nínú RPM, kò lè mú ju 50 tàbí ohun tó lé díẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́, ó ku 4,700.

800 tó kù ni ẹrù, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ogún àpò oníkìlò 15 jẹ́ 300 kìlò. Èèyàn mẹ́rin, ká fi ẹnì kọ̀ọ̀kan sí 70, jẹ́ 280. Àpapọ̀ jẹ́ 580. Ní Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin méjì ò ju 140 lọ. Ẹ ti fi 440 kìlò kún un. Ọkọ̀ fíbà ẹsẹ̀ bàtà 19 fúnra rẹ̀ lè tó 400 kìlò, ẹ́ńjìnnì lé ní 70, epo àti kẹ́ẹ̀gì tó 25. Ohun tí ẹ́ńjìnnì 40 yín ń tì ti lé ní 1,000 kìlò. Bí ìwúwo gbogbo bá ti kọjá nǹkan bí 23 kìlò fún hp kọ̀ọ̀kan (hp ni òṣùwọ̀n agbára ẹ́ńjìnnì, òun ni 40 tiyín yẹn), ó máa ń nira kí ọkọ̀ tó gun orí omi. Tiyín, 40 ní ọ̀nà 23, jẹ́ 920. Ẹ ti rékọjá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gígun orí omi yìí ṣe pàtàkì. Ọkọ̀ tó bá ti gun orí omi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀ ló kù nínú omi, ẹ ó rí i pé imú rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ padà, ìgbì ẹ̀yìn rẹ̀ á tẹ́, RPM á fò sókè lójijì láìjẹ́ pé ẹ fi kún tọ́rọ́tù. Èyí tí kò gùn ún, imú rẹ̀ á wà lókè ṣáá, ìdí rẹ̀ á rì, òkè omi ńlá kan á máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, gbogbo agbára ẹ́ńjìnnì á sì lọ sórí gbígbẹ́ omi. Mo gbà pé ohun tí ẹ ń rí nìyẹn, eré tí fóònù yín sọ ló jẹ́ kí n gbà á.

Ẹ wò ó. Jíà tó wà ní ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn jẹ́ 2 sí 1: bí ẹ́ńjìnnì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, pùròpẹ́là yí lẹ́ẹ̀kan. Ní 3,900, pùròpẹ́là ń yí 1,950 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ fi 14 ínṣì sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ sọ ọ́ di mítà, ẹ fi 60 sọ ọ́ di wákàtí, kìlómítà 41.6 ló yẹ kó jáde ká ní omi kì í yẹ̀. Fóònù ní 24. Ìdá 42 nínú 100 ló ń ṣòfò sínú omi. Lára ọkọ̀ tó gun orí omi dáadáa, òfò yìí máa ń wà láàárín 10 sí 20. Ẹ wá fi èyí wé Ẹ̀pẹ́: 5,200, pùròpẹ́là 11, kìlómítà 43.6 ló jáde lórí ìwé. Bí òfò bá jẹ́ 15, ẹ ti sá tó 37. Ẹ rí i pé pùròpẹ́là "tó ń yára" kò fún yín ní eré kankan, ṣe ló gba eré lọ́wọ́ yín.

Gbogbo ìṣirò yìí jọ ara wọn, ó sì dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí ẹ fi owó lé e láìdán an wò. Ẹ kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò tí kò ná yín ní kọ́bọ̀, torí pé wọ́n tú ẹ́ńjìnnì yín, wọ́n sì tún un dè.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ àti okùn pupa ìdádúró kúrò, ẹ tú púlọ́ọ̀gì méjèèjì kí ó má baà ṣèèṣì jí. Ẹ ṣí fìlà rẹ̀, ẹ tú ìdérí ẹnu kabúrétọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Kí ẹnì kan jókòó sídìí sítíárì, kó ti lẹ́fà síwájú dé òpin pátápátá. Bí jíà bá lọ́ra láti wọlé, kí ẹlòmíràn fi ọwọ́ yí pùròpẹ́là jẹ́jẹ́. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ẹnu kabúrétọ̀. Irin pẹlẹbẹ róbótó kan wà níbẹ̀ tó ń ṣí tó ń tì. Nígbà tí lẹ́fà bá ti dé òpin, irin yẹn gbọ́dọ̀ na gbọọrọ, kí ẹ máa rí etí rẹ̀ nìkan bí ìlà tín-ínrín, kí ojú yín lè wọ inú lọ tààrà. Tó bá ṣì dagun, tẹ́ńjìnnì ò sì rí afẹ́fẹ́ tó, ẹ ti rí nǹkan. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ fi ìka ti apá irin kékeré tí kébù so mọ́ lára kabúrétọ̀, lẹ́yìn tí lẹ́fà ti dé òpin. Tó bá ṣì lè lọ síwájú sí i lọ́wọ́ yín, kébù náà kò fà á tán. Ẹni tó so ó padà ló so ó gùn jù. Ẹ tú orí kébù, ẹ yí i wọlé díẹ̀díẹ̀ títí apá irin náà á fi kan ibi ìdúró rẹ̀ nígbà tí lẹ́fà bá dé òpin, tí á sì tún padà sílẹ̀ pátápátá nígbà tí ẹ bá dá lẹ́fà padà. Ẹ wo ṣóòkì pẹ̀lú, kò gbọ́dọ̀ tì díẹ̀ kó wá há síbẹ̀.

Lára ẹ́ńjìnnì tí wọ́n tú tí wọ́n tún dè, kò sí ohun tí mo ń bá pàdé tó kébù tí kò fà tán. Ẹni tó bá sì fò ó, á ra kabúrétọ̀, á ra pọ́ǹpù epo, á ra kọ́ìlì, kò sì ní kọjá 4,000.

Nígbà tí ẹ bá wà nídìí ẹ́ńjìnnì, ẹ wo ibi tó dúró sí. Pẹpẹ irin tó wà lókè pùròpẹ́là gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìsàlẹ̀ ọkọ̀ dọ́gba, ínṣì kan sókè tàbí sísàlẹ̀ kò burú. Tó bá rì ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì á máa wọ́ omi. Irin gbọọrọ tí a ń kì bọ ihò láti yan bí ẹ́ńjìnnì á ṣe tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn náà wà níbẹ̀, ihò ìkejì tàbí ìkẹta ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ihò tó sún mọ́ ọkọ̀ jù máa ń mú kí imú ọkọ̀ gbẹ́ omi.

Omi òjò. Fíbà náà ní ilẹ̀ méjì, omi sì lè fara pamọ́ sáàárín wọn. Lítà kan kìlò kan, 100 lítà omi ju èèyàn kan lọ. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ sínú omi, ẹ gbé imú rẹ̀ sókè lórí ilẹ̀, ẹ ṣí ìdérí ihò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ṣàn dé ìkán tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá fi ọwọ́ lu ilẹ̀ inú ọkọ̀ tí ó dún pọ̀ọ́pọ̀ọ́ níbì kan, tó dún gbọ̀ọ́gbọ̀ọ́ níbòmíràn, ó ṣeé ṣe kí fóòmù inú rẹ̀ ti mu omi. Ẹ fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, ewé omi tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ń fà á sẹ́yìn.

Ó wá kan àyẹ̀wò orí omi. Ẹ dá pùròpẹ́là 11 padà. Bí ibi tó kán kò bá ju etí kékeré lọ, tí apá rẹ̀ yòókù kò sì wọ́, ó tó fún àyẹ̀wò kúkúrú. Tí ọkọ̀ bá gbọ̀n jìgìjìgì, ẹ dúró, kí àwọn tó ń jó alúmíníọ̀mù tún un ṣe kí ẹ tó tún gbìyànjú. Ẹ̀yin àti ẹnì kan péré, ìdajì kẹ́ẹ̀gì epo, kò sí àpò kankan. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì ìgbàlà, ẹ de okùn ìdádúró mọ́ ọrùn ọwọ́. Irú ipò tí ẹ wà ní Ẹ̀pẹ́ la fẹ́ tún dá sílẹ̀. Ẹ má gbìyànjú àyẹ̀wò yìí nínú dúrọ́ọ̀mù nílé, ẹ́ńjìnnì tí kò ti ọkọ̀ kò lè sọ òtítọ́ fún yín, tọ́rọ́tù ṣíṣí tán nínú dúrọ́ọ̀mù sì lè bà á jẹ́. Tí ẹ bá fura sí mítà yín, èyí tí wọ́n ń wé wáyà rẹ̀ mọ́ wáyà púlọ́ọ̀gì kò wọ́n, ẹ fi í wé e.

Bó bá dé 5,000 tàbí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ́ńjìnnì yín ò ní àìsàn. Gbogbo ọ̀rọ̀ kabúrétọ̀ parí síbẹ̀. Ẹ gbé pùròpẹ́là 14 sí i, kí ẹ tún sá a bẹ́ẹ̀, ẹ óò rí i tí yóò já sí nǹkan bí 4,500 sí 4,700, ẹ ó sì ti fi ojú ara yín rí ohun tí pùròpẹ́là ṣe.

Bí kò bá wá kọjá nǹkan bí 4,000 pẹ̀lú pùròpẹ́là 11 àti èèyàn méjì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ di méjì nìyẹn. Agbára tí pùròpẹ́là ń gbà kì í lọ sílẹ̀ lọ́gbọọgba pẹ̀lú RPM. Ó sún mọ́ kí a fi iye kan náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. 3,900 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin 5,200. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lọ́nà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, lọ́nà ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan sí i, jẹ́ 42 nínú 100. Ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì 40 ń ṣe bí 17. Ìdajì agbára ti lọ, sìlíńdà sì jẹ́ méjì. Bí mo bá rí irú nọ́ńbà yẹn lára ẹ́ńjìnnì oní-sìlíńdà méjì, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wá ni èwo nínú wọn ni kò ṣiṣẹ́.

Ẹ so ohun èlò kékeré tó ń tàn yòò nígbà tí iná bá kọjá sáàárín wáyà àti púlọ́ọ̀gì, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fa wáyà púlọ́ọ̀gì yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, iná rẹ̀ burú fún èèyàn, ó sì lè ba àpótí iná jẹ́. Tí iná bá wà níbi méjèèjì, ẹ tú púlọ́ọ̀gì wò: èyí tó tutù tó sì rin gbindin fún epo, sìlíńdà rẹ̀ kò jó epo. Kí wọ́n wá fi mítà kọ̀ǹpírẹ́ṣàn, èyí tó ń sọ bí sìlíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó, wọn méjèèjì pẹ̀lú tọ́rọ́tù ṣíṣí. Nọ́ńbà méjèèjì gbọ́dọ̀ sún mọ́ ara wọn, kí ìyàtọ̀ wọn má ju ìdá 10 nínú 100 lọ. Bí ọ̀kan bá wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, rìǹgì tàbí písítìn ni, kabúrétọ̀ tuntun ò lè tún un ṣe.

Tí sìlíńdà méjèèjì bá dọ́gba, ẹ lọ sídìí epo. Rọ́bà tí a ń fi ọwọ́ fún lára hóòsì máa ń sọ púpọ̀ fún ẹni tó bá fetí sí i. Nígbà tí ẹ bá ń sá eré tí RPM ti dúró, kí ẹnì kan fún rọ́bà náà. Tí RPM bá gòkè, epo kò dé tó, pọ́ǹpù epo tàbí fílítà ni. Tí ẹ bá bá a tó ti fún wọnú ara rẹ̀ pẹlẹbẹ, nǹkan dí láti tánkì: ẹ wo bóyá ihò atẹ́gùn orí tánkì ṣí. Àwọn agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn irú ihò bẹ́ẹ̀ gan-an nínú àgbàlá, àti ihò tí omi ti ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ da epo inú fílítà sínú ìgò tó mọ́ gaara, kí ẹ jẹ́ kó jókòó. Omi á rì sísàlẹ̀, ẹ ó rí ìlà tó wà láàárín òun àti epo.

Lẹ́yìn gbogbo èyí ni kabúrétọ̀ tó kàn. Fífọ̀ ni yóò fẹ́, kì í ṣe rírà. Epo tó sùn sínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà òjò á ti dì mọ́ ojú ihò kékeré inú rẹ̀. Kí wọ́n fi omi ìfọkabúrétọ̀ àti afẹ́fẹ́ fọ̀ ọ́. Ẹ dúró tì wọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ tàbí wáyà gún ihò rẹ̀, ihò tó bá ti fẹ̀ kò ṣeé dá padà mọ́.

Nípa ọ́ìlì, lítà kan sí 50 lítà epo ni, ìyẹn ìdajì lítà fún kẹ́ẹ̀gì 25. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ojú omi tí wọ́n kọ TC-W3 sí ni kí ẹ lò, ẹ má lo ọ́ìlì mọ́tò. Ọ́ìlì àpọ̀jù máa ń di èédú sí ibi tí èéfín ń gbà jáde, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa dí i. Nítorí pé omi dáàmù ni ọkọ̀ yín wà, tí àwọn èèyàn sì ń mu irú omi bẹ́ẹ̀, mo bẹ̀ yín, orí ilẹ̀ ni kí ẹ ti máa po epo, kí ẹ sì ti máa rọ ọ́ sínú tánkì, kí ẹ máa tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì yège, ẹ tún pùròpẹ́là 11 ṣe tàbí kí ẹ ra irú rẹ̀ gan-an, kí ẹ sì tọ́jú 14 síbì kan. Pẹ̀lú 11, bí ẹ bá kó èèyàn mẹ́rin àti àpò mẹ́wàá, ìwúwo gbogbo, ọkọ̀ àti ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú, á já sí nǹkan bí 930 kìlò, ó wà létí ibi tí ọkọ̀ ti lè gun orí omi. Ẹ to àpò sí àárín, kí ó sún mọ́ iwájú díẹ̀, ẹ má kó wọn sídìí. Tó bá dé 4,600 tàbí jù bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹrù yẹn, ẹ máa lò ó lọ. Bí ó bá ṣì wà lábẹ́ 4,500, ẹ wá 10. Tí ẹ bá wá wà nínú ọkọ̀ láìsí ẹrù, ẹ ṣọ́ mítà, ẹ má jẹ́ kó kọjá 5,500. Ogún àpò lẹ́ẹ̀kan náà kò bá ọkọ̀ yìí mu pẹ̀lú 40, ẹ má sì sáré ra 60, torí kí ẹ tó gbé 60 sí i, ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá ẹ̀yìn ọkọ̀ náà lè gbé ìwúwo àti agbára rẹ̀. Ìrìn méjì pẹ̀lú àpò mẹ́wàá mẹ́wàá, tí ọkọ̀ ń gun orí omi, lè má fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ ju ìrìn kan tí ẹ ń gbẹ́ omi lọ.

Ẹ kọ̀wé sí mi padà nígbà tí ẹ bá ti dé láti orí omi. Ohun tí mo fẹ́ ni RPM àti eré inú fóònù pẹ̀lú pùròpẹ́là 11 àti èèyàn méjì, lẹ́yìn náà pẹ̀lú àpò mẹ́wàá. Kí ẹ sì sọ fún mi bóyá apá irin kabúrétọ̀ ṣì ń lọ síwájú lábẹ́ ìka yín lẹ́yìn tí lẹ́fà ti dé òpin.